Ta Ló Sọ Ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́?

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí Jẹ́jẹ́ ti ilé-ìwé dé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n máa ń jáde. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ìdí tábìlì ìjẹun, ó ń fi bírò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ níbi ìpàdé ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó gbọ́ dídún géètì, ó gbọ́ ẹsẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó sì tó gbójú sókè, ọmọ ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí ènìyàn níbẹ̀. Kò kí i. Kò sunkún. Ó wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé, kọ́kọ́rọ́ sì yí lẹ́ẹ̀mejì.

Orúkọ Jẹ́jẹ́ yẹn kò dédé mọ́ ọn lára. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ mọ̀ pé òun kọjá. Ṣùgbọ́n kò tíì ṣẹlẹ̀ rí pé kí ó rí ìyá rẹ̀ kó má kí i.

Ìyá náà dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kíní, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó wá fi ohùn tútù tó máa ń fi bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Báàgì ilé-ìwé ọmọ náà wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, síìpù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, nǹkan kan tó rí róbótó sì yọ orí jáde láti inú rẹ̀. Agolo pàúdà ni. Ó mú un, ó ṣí i. Irun ènìyàn ló kún inú rẹ̀, irun dúdú tí wọ́n ká bí òwú, bébà kékeré kan sì wà lórí rẹ̀ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí pé: *Ẹrù ẹ rèé. A bá ẹ wá díẹ̀ kún un.*

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Olùdarí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, láti orí oníbúrẹ́dì ní ìkóríta dé orí àwọn ọmọdé tí kò mọ ohun tó ń darí. Òun ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí kò wá èrè, tó ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa ìlera ọkàn àti ọpọlọ: pé ìbànújẹ́ tí kò tán kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, pé ẹ̀rù tó ń gbáni láyà mú láìnídìí kì í ṣe wèrè, pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn lè sọ ọ́ síta kó sì rí ìtọ́jú. Iṣẹ́ gidi ni, kì í ṣe ẹnu lásán. Àwọn òbí kan wà lónìí tí ọmọ wọn ì bá ti di ẹni ilẹ̀ bí kì í bá ṣe tirẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ yìí gan-an ni ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ fẹ́ dìbò bóyá òun náà ni yóò tún darí rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sí i.

Ohun tí àdúgbò kò mọ̀ ni pé ní èṣín, ọwọ́ Jẹ́jẹ́ kò kúrò ní irun orí rẹ̀. Bó bá ń kàwé, yóò máa fa irun rẹ̀ tu. Bó bá ń wò sùn-ùn lójú fèrèsé, yóò máa fà á tu, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí ìpàkọ́ rẹ̀ fi dán bí àtẹ́lẹwọ́. Inú agolo pàúdà tó ti tán ló ń kó irun náà sí, ó sì ń ti agolo bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ lọ́dọ̀ dókítà, irun náà sì ti ń hù padà lábẹ́ síkáàfù. Fún ilé-ìwé àti fún aládùúgbò, wọ́n ní làpálàpá ni.

Ti irun, ènìyàn lè fojú rí i kó méfò. Ṣùgbọ́n agolo? Olùdarí jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń ka àwọn tó mọ̀ nípa agolo lórí ìka. Òun. Bàbá Jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Jẹ́jẹ́. Ìka mẹ́ta péré ló ká, ó sì dúró.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Aránbàtà ni ọkùnrin náà, iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, bẹ́ǹṣì gígùn kan sì wà níbẹ̀ tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí láti dúró de bàtà wọn. Olùdarí gbé agolo náà ka iwájú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ṣí i, ó ka bébà inú rẹ̀, ó sì rọra dé e padà bí ẹni tó ń bo ojú òkú.

"Ta lo sọ ọ́ fún?" ni ó bi í.

Inú ló bí Olùdarí. Ó ní òun kọ́ ló yẹ kó bi. Òun tó ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń bo àṣírí ọmọ, òun ni wọn yóò wá bi léèrè ta lo sọ ọ́ fún? Ó ní bẹ́ǹṣì òun kọ́ ni gbogbo ọkùnrin àdúgbò ń jókòó sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó ń ran bàtà, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ní iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kò níṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì tún gún àtẹ́lẹ̀ bàtà tó wà ní itan rẹ̀. Olùdarí mọ̀ pé bó ti ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí ọ̀rọ̀ bá dùn ún, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ìdákẹ́jẹ́ yẹn jọ ìdákẹ́jẹ́ ẹni tó mọ nǹkan.

Bó ti ń padà wọlé, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ògiri wọn ti yọ sí i. Ó fi kóòmù sí ẹnu, ó ń nu ọwọ́ sí épírọ́ọ̀nù. Ó kí i, ó bi í bóyá àlàáfíà ni, torí òun rí ọmọ tó ń bọ̀ láìtíì tó àkókò. Olùdarí ní orí ló ń fọ́ ọ. Onídìrí mi orí. Ó ní orí fífọ́ burú. Lẹ́yìn náà ló wá rọ ohùn sílẹ̀, ó ní oníbàárà òun kan lọ́mọ ní ilé-ìwé yẹn, ó sì sọ fún òun láàárọ̀ pé wọ́n ní ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń fa irun jẹ, pé ó ń jẹ ẹ́ bí ẹní ń jẹ oúnjẹ, pé àrùn náà wà nínú ìran bàbá rẹ̀.

"Jíjẹ kẹ̀?" ni Olùdarí wí kó tó mọ̀ pé òun ti lanu.

Onídìrí wò ó dáadáa. Ó ní òun ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun gbọ́ ni pé inú ilé ló ti jáde, àti pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ó yọ kóòmù lẹ́nu, ó fi kún un bí ẹni tí kò kà á sí, pé ẹni tó ń bá àwọn olùkọ́ ilé-ìwé yẹn fọṣọ kò ṣe àìmọ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹnìkan ṣoṣo ló ń fọṣọ fún olùkọ́ nínú ilé náà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Olùdarí tí wọ́n ń pè ní Àǹtí ni, opó ni, alágbàfọ̀ sì ni. Yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń lọ gba aṣọ olùkọ́ ìṣirò Jẹ́jẹ́, tó sì ń lọ dá a padà. Olùdarí dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì tò létòletò lójú rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ó bá Àǹtí ní ilé ìdáná. Ẹ̀wà wà lórí iná, Àǹtí ń rẹ́ àlùbọ́sà. Wọn ò tíì sọ fún un pé ọmọ ti dé, nítorí náà ó kọ́kọ́ bi Olùdarí bóyá yóò jẹun kó tó lọ sí ìpàdé. Olùdarí ní òun ò wá nítorí oúnjẹ, ọmọ ti ti ilé-ìwé padà dé. Ó gbé agolo náà síwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ ọ́: Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí bóyá ẹ ti ṣèèṣì sọ nǹkan níbi tí ẹ ti ń gba aṣọ. Àǹtí ní òun kì í sọ̀rọ̀ níbi tí òun ti ń gba aṣọ, iye aṣọ ni òun ń kà. Olùdarí ní àgbà lè gbàgbé. Àǹtí ní òun kò tíì gbàgbé. Bí wọ́n ti ń lọ síwájú, ohùn ń ga. Olùdarí ní ta wá ni kí òun mú? Ṣé ògiri ló rìn lọ sí ilé-ìwé lọ sọ ọ́? Àǹtí ní kó wò ó bóyá ó rìn. Ibẹ̀ ni ẹnu Olùdarí ti yọ̀.

"Ìwọ lo sọ ọ́," ni ó wí. "Ìwọ lo fẹ́ ba ọmọ mi jẹ́, torí o ò bí."

Ọ̀bẹ dúró lórí àlùbọ́sà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìbí yẹn nìkan. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, *ẹ* ló fi ń kí obìnrin yìí, *ẹ* ló fi ń bá a jà nígbà tí wọ́n bá jà. Kò sí ẹni tó gbọ́ *ìwọ* yẹn àfi àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ó dún nínú ilé ìdáná náà bí àwo tó bọ́.

Àǹtí fọwọ́ nu ojú. Bóyá àlùbọ́sà ni. Ohùn rẹ̀ kò ga mọ́ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"O ní ká máa pè é ní làpálàpá. Èmi ò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìwọ lo bí i, mo bá pè é ní làpálàpá. Láti ọjọ́ náà, kò tíì ní orúkọ mìíràn lẹ́nu mi, kódà bí mo bá ń gbàdúrà." Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fi kọ́. "Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ó dáa."

Kò gbé ju báàgì kan lọ. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ló fi lé e lórí. Ṣùgbọ́n kó tó jáde, ó bu búrẹ́dì àti ẹyin sínú àwo, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà Jẹ́jẹ́, ó sì fi èékánná kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilẹ̀kùn ṣí. Kò ṣí ju ìbú ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣí. Wọ́n bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Olùdarí tó dúró ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí i, kò sì fi ṣe ohun mìíràn ju ẹ̀rí lọ: ẹ wò wọ́n, wọ́n ti jọ ń mulẹ̀ lórí òun nínú ilé òun. Àǹtí gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Olùdarí gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ bi í ibi tó ń lọ, kò sì gbọ́ ìdáhùn. Nígbà tí òórùn ẹ̀wà tó ń jóná fi gba ilé kan, kọ́kọ́rọ́ yàrá ti tún yí lẹ́ẹ̀mejì.

Ó yẹ kí Olùdarí dúró sílé. Ọkọ rẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dìde kúrò lórí àpótí rẹ̀ nígbà tó rí i tó wọ bàtà ìjáde, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Olùdarí ní bí òun kò bá lọ, àwọn kan yóò ní ọwọ́ àwọn ti tẹ ohun tí àwọn ń wá. Ní ojú ọ̀nà ni èrò mìíràn ti sọ sí i lọ́kàn. Kí ló dé tó fi jẹ́ òní? Nínú gbogbo ọjọ́ tó wà nínú ọdún, kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ ìdìbò ni agolo wọ báàgì ọmọ? Àǹtí lè lanu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan ló ń jẹ èrè rẹ̀. Kí ó tó dé ọ́fíìsì, ó ti rí ẹni náà: igbákejì rẹ̀, ọkùnrin jẹ̀lẹ́ńkẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè, tí kì í sì í pẹ́ dé ìpàdé. Ẹni tí kì í bínú, kí ló ń fi inú rẹ̀ ṣe?

Òkè ilé tí wọ́n ti ń ta ìwé àti bírò ni ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wà. Yàrá méjì ni. Fáànù kan ń yí tí kò fẹ́ atẹ́gùn, àwòrán ọ̀dọ́ tó ń rẹ́rìn-ín wà lára ògiri pẹ̀lú àkọlé pé kí a sọ ọ́ jáde, páálí ìwé tuntun mẹ́fà sì wà ní igun. Alága ìgbìmọ̀, bàbá àgbàlagbà tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ta oògùn, jókòó sí orí ìjókòó. Igbákejì wà níbẹ̀, akọ̀wé wà níbẹ̀, olùkọ́ ìṣirò Jẹ́jẹ́ sì wà níbẹ̀, torí òun ló ń ṣojú àwọn ilé-ìwé. Igbákejì dìde, ó fún un ní àga, ó sì bi í pé ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́. Kò sí ẹni tí kì í kíni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n *ọmọ ńkọ́* yẹn wọ Olùdarí lára bí ẹ̀gún.

Kò jẹ́ kí alága parí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé agolo sórí tábìlì, ó ṣí i, ó sì rò ó fún wọn láti orí dé ìdí. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ àga òun, kó bọ́ síta kó du àga, kó má gba inú ọmọ òun kọjá. Ó ní ẹnìkan níbí ti fi owó tàbí ètè dídùn fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu ará ilé òun, ó sì tẹjú mọ́ igbákejì títí gbogbo wọn fi mọ ẹni tó ń bá wí. Alága ń fi ìka gbo etí tábìlì. Fáànù ń yí.

Olùkọ́ ìṣirò ló sọ̀rọ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí báàgì rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dìde lọ.

"Olùdarí, ẹ má bínú," ni ó wí. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún wa."

Olùdarí ní fún ta ni.

"Fún àwa olùkọ́. Níbi ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta yẹn. Ọjọ́ kẹta ni, a ti jẹun ọ̀sán, oorun ń kùn wá. Ẹ gbé ìwé ọwọ́ yín sílẹ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ sọ ti ọmọbìnrin kan tí ẹ mọ̀. Ẹ ní ìyá rẹ̀ ń wá pàúdà láti fi pa ara, ó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fa agolo yọ. Gbogbo wa la jí. Èmi sunkún. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan ń fi ẹnìkejì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì mi, mo bá sọ ìtàn náà fún wọn kí wọ́n lè ṣàánú ara wọn. Mo ní Olùdarí ló sọ ọ́ fún wa. Mi ò mọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Àwọn ló mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti rí ìpàkọ́ rẹ̀ rí níbi eré ìdárayá."

Olùdarí wá a nínú ara rẹ̀. Kò rántí ọ̀rọ̀ náà. Àtẹ́wọ́ ló rántí: bí wọ́n ṣe dìde, bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ tí kò tán bọ̀rọ̀, bí obìnrin kan ṣe wá dì mọ́ ọn lẹ́yìn náà. Ó ti sọ ìtàn náà níbi púpọ̀ kí ó tó sọ ọ́ níbẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Nígbà kejì, ó kéré sí i. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ọmọ inú ìtàn náà kò jọ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Àpẹẹrẹ ni, ó sì mọ ibi tó yẹ kí òun ti dánu dúró kí ẹkún lè gba àwọn ènìyàn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ló bá.

Ó dúró kí ẹnìkan bá òun wí. Ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n alága wúkọ́, ó sì fi ohùn ìtùnú sọ pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ọlọ́gbọ́n a sì máa fi ẹ̀gún ṣe abẹ́rẹ́. Ó ní nísinsìnyí tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀, kò ní burú bí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bá bọ́ sórí pèpéle níbi ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́, kó jẹ́rìí. Ó ní àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ máa ń fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣe. Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Olùdarí wo bàbá náà. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ọ̀rọ̀ òun fúnra rẹ̀ lánàá, bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn, kò ní yàtọ̀ sí èyí.

Ó yíjú sí akọ̀wé, ó bi í bóyá ìtàn náà wà nínú ìwé tuntun. Akọ̀wé fojú wolẹ̀, ó ní ojú ewé kọkànlá ni, pé wọ́n gbé e fún Olùdarí, òun ló sì fọwọ́ sí i.

"Àwọn páálí yìí kò gbọdọ̀ kúrò níbí," ni Olùdarí wí.

Alága ní kí wọ́n kọ́kọ́ dìbò, ọ̀rọ̀ ìwé kò yára. Olùdarí ní kí wọ́n máa dìbò wọn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ gbé páálí àkọ́kọ́, kò sì lè gbé e. Igbákejì ló dìde. Kò sọ ohun kankan. Ó gbé páálí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọ yàrá inú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Olùdarí kò lè gbójú wò ó. Ó ní kó dákun, kó dárí ji òun.

"Ẹ máa lọ bá ọmọ," ni ọkùnrin náà fèsì.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Orí ìjókòó kékeré ló wà lẹ́nu ọ̀nà Jẹ́jẹ́, tíì tó ti tutù sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi dà?"

Olùdarí ní, "Èmi ni mo sọ ọ́. Níwájú àwọn olùkọ́. Kì í ṣe Àǹtí."

Ọkùnrin náà kò pariwo. Bó bá pariwo ni, Olùdarí mọ bí a ṣe ń dáhùn ariwo. Ó dìde, ó fi àyè sílẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lọ dúró ní ẹ̀yìnkùlé.

Olùdarí fi orí ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Jẹ́jẹ́, ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo sọ ọ́."

"Mo mọ̀," ni ohùn kan fèsì láti inú.

Ó ní láti ìgbà wo. Ọmọ náà ní láti ọ̀sẹ̀ méjì, láti ọjọ́ tí olùkọ́ ti sọ ọ́ ní kíláàsì. Òun jókòó síbẹ̀ ó ń gbọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ fẹ́ bi í ìdí tí kò fi sọ fún òun, ó sì gbé e mì. Dípò ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ohun tó ń ṣe é lọ́kàn kò ní kó tì í lójú, pé gbogbo ènìyàn ni, pé ìgboyà ni láti—

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ orí pèpéle."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọ wá bi í pé, "Àǹtí ńkọ́? Wọ́n ní àwọn á padà wá kí ilẹ̀ tó ṣú, pé kí n má dá ẹnikẹ́ni lóhùn bí kò bá wù mí."

Nǹkan tí wọ́n sọ lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn.

Ilé ìfọṣọ kan wà ní òpópónà kẹta tí Àǹtí ti máa ń lọ lo iná bí iṣẹ́ bá pọ̀. Ibẹ̀ ló bá a. Ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, báàgì rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì. Àwọn alágbàfọ̀ méjì tó kù wo Olùdarí, wọ́n sì wo ara wọn. Olùdarí kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì tútù níwájú wọn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ dákun. Ẹ̀yin kọ́. Èmi ni."

"Mo mọ̀ pé èmi kọ́," ni Àǹtí wí. "Ìwọ ni o ò mọ̀. Dìde, omi wà nílẹ̀."

Olùdarí kò dìde. Ó ní èyí tí òun sọ nípa ọmọ bíbí yẹn, òun ò mọ bí òun ṣe lè kó o padà. Àǹtí lọ ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó lọ kọ́là rẹ̀. Ó ní kò ṣeé kó padà; ẹyin ni. Ó ní òun yóò máa rántí rẹ̀, kó má sì yà á lẹ́nu bí òun bá rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí inú gbogbo wọn bá dùn. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì náà dáadáa, torí olówó rẹ̀ ń bọ̀ wá gbà á. Lẹ́yìn náà ló fa báàgì rẹ̀ yọ.

"Ọmọ ti jẹun?"

"Ti àárọ̀ tí ẹ fún un nìkan ni."

Àǹtí ṣáájú, Olùdarí gbé báàgì tẹ̀lé e. Fóònù rẹ̀ dún lọ́nà. Akọ̀wé ni, ó ní wọ́n ti yan igbákejì láti máa darí ẹgbẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ọkùnrin náà kò sì fẹ́ gbà á, wọ́n ní kí òun bi í ohun tí wọn yóò sọ fún àwọn ènìyàn. Olùdarí ní kó gbà á. Ó ní kí wọ́n má sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí, obìnrin náà yọjú, ó ní ẹ káàbọ̀ o, ṣé kò sí nǹkan. Àǹtí ní kò sí. Ó ní oòrùn òní mú gan-an, aṣọ tètè gbẹ. Ó sì kọjá.

Èékánná ló tún fi kan ilẹ̀kùn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé, wọ́n sì pa á dé. Olùdarí dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láìpẹ́, ohùn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó rẹlẹ̀, ó ń sáré, ó ń dúró, ó tún ń sáré, bí ẹni tó ti di ọ̀rọ̀ sínú láti ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá sún mọ́ ilẹ̀kùn díẹ̀ sí i, yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbéra.

Ó yí i padà. Ó jáde gba iwájú ilé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, níbi tí ohùn inú yàrá kò lè dé. Ọkọ rẹ̀ wá jókòó sí ìkángun kejì. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ń kí wọn, wọ́n sì ń dáhùn.

"Kí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀?" ni ọkọ rẹ̀ bi í níkẹyìn.

"Mi ò gbọ́," ni ó wí.

Kò dìde.